Ibi Tí A Lé Ìjì Náà Lọ

Cheverly, Maryland
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006

Túndùn,

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí n bi ọ́ bí ara ṣe rí, àmọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ báyìí, mi ò ní lè sọ ohun tó wà nínú mi mọ́. Mo rò pé èmi ni mo rán ìjì sí ọ.

Jọ̀ọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí, atẹ́gùn kan jà níbí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin orí tẹlifíṣọ̀n sọ fún wa pé họ́ríkéènì náà ti kú sí Carolina, pé ìyókù rẹ̀ lásán ló ń bọ̀. Délé ẹ̀gbọ́n rẹ ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, òjò lásán ni." Ìyókù lásán yìí ló hú igi ńlá iwájú ilé tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì gbé e lé orí mọ́tò Délé lọ́sàn-án gangan. Kò sẹ́ni tó wà nínú ẹ̀, a dúpẹ́. Ọjọ́ méjì la fi wà láìsí iná. Gbogbo ẹran tí Ọmọ́kẹ́mi ìyàwó rẹ̀ kó sínú fíríìsà ló bàjẹ́. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìjì ti kú, ńṣe ni mo máa ń wò ó lójú.

Nígbà tí wọ́n wá ní òmíràn ń bọ̀ lórí òkun, jìnnìjìnnì bo gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Pásítọ̀ Akínwùmí ní ká dìde, ká na ọwọ́ síhà ibi tó ti ń bọ̀, ká pàṣẹ fún un kó yà kúrò ní Maryland, kó gba inú òkun lọ, níbi tí kò sí ọmọ ènìyàn kankan. Túndùn, mo gbàdúrà. Mo bọ́ bàtà mi. Àmín tèmi ròkè débi pé Ọmọ́kẹ́mi fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n ní ó ti yà. A jó, a dúpẹ́, mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

O mọ̀ pé jọ́gíráfì nìkan ni mo mú dáadáa nígbà tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Àpò bébà tí wọ́n fi ń di ọjà fún wa níbí ní máàpù òkun lára, kí àwọn èèyàn lè máa fi bírò tọ ipa ìjì. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Lánàá, àmì tí mò ń fi sí i dé etí máàpù náà lókè. Délé kọjá, ó wò ó, ó ní, "Ó ti jáde nìyẹn, ó ti tán," ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Ọmọ́kẹ́mi, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Èmi dúró síbẹ̀. Mo bi ara mi pé, tó bá jáde nínú máàpù yìí, ibo ló wọ̀? Mo mú bébà funfun, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè, mo ya Kánádà sí i bí mo ṣe rántí rẹ̀, mo ya Newfoundland tó o wà sí i, mo wá fi rúlà fa ìlà náà síwájú. Abúlé yín ni rúlà mi kàn.

Mo mọ àdéhùn wa. Láti ìjà wa ti oṣù Keje, nígbà tí mo ní kó o fi iṣẹ́ dókítà tó ò ń ṣe láàárín àwọn apẹja yẹn sílẹ̀ kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, o ní ariwo ni mò ń pa lórí fóònù, pé ká máa kọ lẹ́tà. Mo ti ń pa á mọ́. Àmọ́ lánàá mo ní kí Délé pè ọ́. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló dáhùn. Délé sọ fún ẹ̀rọ pé kó o ṣọ́ra, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń kí èèyàn kú ọjọ́ ìbí.

Wọ́n ní lọ́la ni yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí ò lè bá a. Mo kàn ń kọ ọ́ ni. Tó bá ṣeé ṣe, lọ sùn ní ọsibítù. Má dúró nínú ilé etí òkun yẹn.

Mo kí ọ o, Àníkẹ́ mi. Ṣé ò ń jẹun?

Ìyá rẹ

*

Cheverly
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2006

Àníkẹ́ mi,

Mo kí ọ níbi yòówù kó o wà báyìí. Ọjọ́ kẹta rèé tí fóònù rẹ ò dún. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ò sọ̀rọ̀ mọ́, ohùn rẹ tí mo máa ń gbọ́ níbẹ̀ ti lọ. Délé kọ ímeèlì, kò sí èsì. Tí mo bá dárúkọ rẹ báyìí, kò sọ pé kí n fọkàn balẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń já mi láyà.

Mo wo tẹlifíṣọ̀n láti Ọjọ́rú. Ọkùnrin yẹn ní oòrùn yóò ràn lópin ọ̀sẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ táì aláwọ̀ ewé. Mi ò gbọ́ kó dárúkọ ìjì náà mọ́. Mo ka ìwé ìròyìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, títí kan ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Ó dà bí ẹni pé ohun tí kò bá ti sí lọ́dọ̀ wọn kò sí níbì kankan.

Lọ́sàn-án òní mo jókòó sójú fèrèsé, ojú mi sì lọ díẹ̀. Ewé ń já díẹ̀díẹ̀, kò tíì tó àsìkò rẹ̀. Mo rí afẹ́fẹ́ náà bí obìnrin gíga kan tí ìró rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó rọra ń bọ̀ lójú pópó wa, kò yára, kò bínú. Nígbà tó dé iwájú ilé, ó dúró, ó ní, "Ìyá, ibo lẹ ní kí n gbà?" Mo sì fọwọ́ júwe. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi ṣì nà.

Ta ló ní kó o lọ máa gbé ibẹ̀ gan-an? Dókítà ò pọ̀ tó ní Maryland ni? Àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ wà ní Kettering, wọ́n wà ní Largo, wọ́n ń rí ìyá wọn ní Sọ́ńdè. Ìwọ lọ dúró sí ojú ọ̀nà ìjì.

Má bínú. Mi ò fẹ́ kọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́, bú mi, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí n rí i.

Ìyá rẹ

*

Newfoundland
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2006

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìgbúròó mi. Ara mi le, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi pé. Àárọ̀ yìí ni fóònù padà, mo sì ti bá Délé sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Ó ní nígbà tí òun sọ fún yín pé mo wà láàyè, ẹ bú sẹ́kún, ẹ sì ń sọ pé "èmi ni, èmi ni." Kò yé òun. Kò yé èmi náà. Tí ẹ bá ti kọ lẹ́tà kankan, kò tíì dé, torí ojú ọ̀nà já níbi méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, òkun dákẹ́ bí omi inú abọ́, ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ. Afẹ́fẹ́ kan sì ń fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ níhà gúúsù, ó gbóná, ó rin lára bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ó sì ní òórùn kan tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí. Òórùn ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, mo dijú, mò ń fà á símú. Inú mi dùn, Màmá. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń fọ abọ́. Mi ò mọ̀ pé ìjì náà nìyẹn, pé òun ló gbé òórùn ilé wá fún mi.

Anna ló jí mi. Ìyá àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kan tèmi ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn kíákíá. Ó ní, "Dókítà, wọlé. Ooru yìí kì í ṣe tiwa."

Mo ní, "Ṣebí rédíò ní kì í ṣe họ́ríkéènì mọ́."

Ó ní, "Ìgbà yẹn gan-an ni ká bẹ̀rù ẹ̀."

Ó wá ràn mí lọ́wọ́ láti kan pákó mọ́ fèrèsé, ó há ìṣó sẹ́nu, ó sì ń ṣàlàyé. Ó ní níbi tí ìjì náà ti wá, omi gbígbóná ló ń jẹ, ó sì máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ìkúùkù ọwọ́. Tó bá dé orí omi tútù tiwa, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní gúúsù á ní ebi ti pa á kú. Àmọ́ atẹ́gùn tútù láti àríwá ń dúró dè é níbí. Ìjà ooru òun òtútù yẹn á wá di oúnjẹ mìíràn fún un. Ìkúùkù náà á là, á di àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ̀ ju erékùṣù wa lọ, kò ní ní ihò tí wọ́n ń pè ní ojú láàárín mọ́, afẹ́fẹ́ òkè á sì gbá a mú, á máa tì í sáré. "Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń fún un lórúkọ," ni Anna wí, "wọ́n á tún gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tí wọ́n ti gba orúkọ wọn yẹn ló ń ṣí òrùlé wa."

Ó dé lọ́sàn-án. Kò dé bí mo ṣe rò, kò bú, kò fọ́ lójijì. Ó kàn ń wúwo sí i ni. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mo fọwọ́ lé ògiri, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Iyọ̀ òkun bo àwọn gíláàsì tí a ò kan pákó mọ́ títí wọ́n fi funfun, mi ò rí ìta mọ́, ó wá dà bí ẹni pé inú ìkùukùu ni èmi àti Anna jókòó sí, tí à ń mu tíì. Lójijì ni Anna rántí pé òun ò tíì pa iná sítóòfù igi òun. Mo ní kó má lọ. Ó ti lọ. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni òrùlé ilé rẹ̀ ṣí bí ìdérí ìkòkò, ó lọ sínú òkun, pákó kan sì já lé e léjìká.

Mo fà á wọlé, iná tọ́ọ̀ṣì ni mo sì fi rí ojú egungun èjìká rẹ̀ tí mò ń tò. Kò ké. Ó ń wo àjà ni, ó ń kọrin kan tí mi ò mọ̀. Ó wà ní yàrá mi báyìí, èmi ń sùn lórí àga gígùn.

Ó dá mi lójú pé lọ́dọ̀ yín, ẹ ti dúpẹ́ tán ní Sọ́ńdè tó ṣáájú. Mi ò bínú sí i, bí gbogbo yín ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ata gígún ránṣẹ́. Anna tọ́ tèmi wò, ó wúkọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá ní kí n tún bu díẹ̀ sí i.

Ọmọ yín,
Túndùn

*

Newfoundland
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, 2006

Màmá,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín méjèèjì dé pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti wá yé mi ohun tí Délé ní ẹ ń sọ.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ máà bínú. Mo jókòó ti Anna, mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín sí máàpù ara àpò ọjà, ó rẹ́rìn-ín sí bàtà tí ẹ bọ́. Ó ní òun fẹ́ràn ìyá yìí. Àfi ìgbà tí mo dé ibi tí pásítọ̀ yín ti ní kí ìjì gba inú òkun lọ, níbi tí kò sí ọmọ ènìyàn kankan. Anna ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Ọkọ mi wà níbẹ̀."

Ó dìde, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó wọ yàrá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìgbà náà ló tó sọ fún mi pé irú ìjì yìí kan náà, èyí tí wọ́n ti gba orúkọ rẹ̀, ló bá ọkọ òun àti àbúrò rẹ̀ lójú omi nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Wọn ò rí ọkọ̀ wọn. Ó ní òun mọ̀ pé níbì kan lọ́jọ́ yẹn, àwọn kan ti ń kí ara wọn kú oríire.

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò lè rán ìjì. Mo ka ìwé débi tí mo fi mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ẹ̀. Èyí tó dùn mí yàtọ̀. Ẹ ò bi ara yín léèrè pé ta ló ń gbé níbẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ rí i pé èmi ni. Ká ní rúlà yín yà sọ́tùn-ún díẹ̀, ẹ ò bá ṣì máa jó. Ẹ sì tún kọ ọ́ pé mo lọ dúró sójú ọ̀nà ìjì, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í ṣe èèyàn.

Mi ò fẹ́ kọ ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá kọ ọ́ báyìí, á le jù. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà dúró díẹ̀, bí a ṣe dá fóònù dúró. Mo máa kọ̀wé nígbà tó bá rọ̀ mí nínú.

Túndùn

*

Cheverly
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá, 2006

Túndùn,

Mo kí ọ, mo kí Anna. O ní kí lẹ́tà dúró, mo sì tún ń kọ ọ́. O lè má ṣí i. Mo kàn fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ ni, lọ́jọ́ tó bá rọ̀ ọ́ nínú.

Òótọ́ lo sọ. Mo ka lẹ́tà náà lórí ìdúró lẹ́nu àpótí lẹ́tà, mi ò lè wọlé. Orúkọ rẹ nìkan ni mo wá lórí máàpù. Mi ò ní wá àlàyé kankan sí i.

Àná, Ọjọ́rú, ni lẹ́tà rẹ yẹn dé. Mo fi í sínú báàgì mi, mo gbé e lọ sí ìpàdé àdúrà. Ó ti pẹ́ tí iná gbọ̀ngán yẹn ti máa ń mú kí oorun kùn mí, mo jókòó, mò ń gbọ́ ohùn Pásítọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi. Mo gbọ́ tó ní òmíràn tún ti kọjá lọ lópin ọ̀sẹ̀ tó lọ, kò fọwọ́ kàn wá, ó ti gba òkun lọ, ká dìde ká dúpẹ́. Gbogbo èèyàn dìde. Èmi náà dìde. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Pásítọ̀, ibo ló lọ?"

Ó ní, "Òkun ni, Ìyá Délé."

Mo ní, "Apá ibo nínú òkun?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ́kẹ́mi fa ìró mi. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ló lọ. Mọ́ńdè yìí ló dé ọ̀dọ̀ wọn." Mo ti rí i, Túndùn, mo ṣì ń fa ìlà mi lọ. Pásítọ̀ ní kí n jókòó ná, pé a ó ríra lẹ́yìn ìpàdé. Mi ò jókòó. Mo sọ̀rọ̀ Anna fún wọn, òrùlé rẹ̀, èjìká rẹ̀, ọkọ rẹ̀. Mo ní, "Tí ẹ bá ní kí ìjì yà, ẹ júwe ibi tó máa yà sí fún mi."

O mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni Pásítọ̀ Akínwùmí, ó fẹ́ fi ẹ̀rín tú u ká. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ sí Ireland."

Ìyá kan dáhùn láti ẹ̀yìn, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Tolúwalọpẹ́ mi wà ní Dublin."

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Pásítọ̀ ní, "Scotland ńkọ́?" Ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tó máa ń to àga, ní àbúrò òun wà ní Aberdeen, pé orí omi gan-an ló ti ń wa epo. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹnìkan ní Halifax. Ẹnìkan ní ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó kọ̀ǹténà, òun ò tiẹ̀ mọ ibi tó wà lónìí. Ẹnìkan kàn ní "Norway," ó sì jókòó. Wọ́n ń dárúkọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń rí i lójú mi bí wọ́n ṣe ń tan àtùpà yí òkun náà ká, títí kò fi sí ibi tó ṣókùnkùn mọ́.

Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú wa, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò sí àyè."

Nígbà tó ṣe, ó ní ká kàn bẹ Olúwa kó rẹ ìjì náà níbi tó bá wà, kó sùn. Bí a ṣe gbà á nìyẹn, ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó parí. Nínú mọ́tò, Ọmọ́kẹ́mi ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ lè dá wa dúró bẹ́ẹ̀."

Mi ò ní kó o wá sí Maryland mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó o lè fi dá mi lẹ́bi tí mo bá gbàgbé. Ata wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́ lánàá, mo dì í sínú sọ́kì méjì, kí ó má baà tú. Sọ́kì náà, ti Anna ni.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ rèé. Pásítọ̀ ní kí oníkálukú mú orúkọ wá, pé a ò ní gbàdúrà lórí ìjì mọ́ láìmọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Èmi ò ní ju orúkọ méjì lọ, tìrẹ àti ti Anna, bẹ́ẹ̀ odidi abúlé ni ibẹ̀. Bá mi bi Anna bó bá lè sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ fún mi, àti ti àbúrò ọkọ rẹ̀ náà, kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní orúkọ wọn. Tí kò bá fẹ́, mo gbà. Kọ ti àwọn tó ń lọ sójú omi láti ọ̀dọ̀ yín, ẹni tó o bá rántí, àti ti àwọn tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ tí o bá lè sọ. O ò níláti kọ ohunkóhun sí èmi. Orúkọ wọn nìkan tó. Oṣù ìjì ò tíì parí, Ọjọ́rú la sì máa ń pàdé. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pẹ́ kó o tó kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ìyá rẹ